Kóńgò Tí A Lù Nídìí

  Ó tún ti di oṣù mẹ́ta tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lójú ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa lónìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ òfin sì ni pẹ̀lú. A mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti gbọ́ "òfin" báyìí, wọn yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì. A bẹ̀ yín, ẹ dúró kí ẹ bá wa kà á dé òpin, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ẹgbẹ́ wa, ó sì ti fa àga jókòó.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan tí kò tíì pẹ́, nígbà tí a ti ṣe tán tí a ń to àga jọ, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa sọ pé, "Ẹni tí ojúkòkòrò mú kó owó rẹ̀ fún olè, kí ló kan ìjọba níbẹ̀? Ṣé ìjọba ló ní kó lọ ni?" Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá àgbà kan tí ń ta epo pupa fi dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bí olè bá wọ ilé tí a gbàgbé láti tì, ṣé kì í ṣe olè mọ́ ni?" Gbogbo wa dákẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Arábìnrin wa kan ni ó mú mọ́kànlá nínú wa wọ ìdókòwò kan tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fi ₦100,000 sílẹ̀ yóò gba ₦130,000 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé gbà á lóòótọ́, wọ́n sì jẹ́rìí rẹ̀ fún wa. Àwọn tí ó wọlé kẹ́yìn kò rí kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tí ó fi nínú owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ sí i. Òmíràn fi owó ilé ìwé ọmọ sí i. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó mú wọn lọ kò ti wá sí ìpàdé mọ́. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó mú lọ náà kò sì wá mọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wá wà nílẹ̀. Èkíní, ǹjẹ́ ó tọ́ kí òfin dáàbò bo ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó owó rẹ̀ jáde? Èkejì, kí ni ẹni tí ó mú ẹlòmíràn wọ inú irú nǹkan báyìí jẹ àwọn tí ó mú lọ? Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé tí ó sì jèrè, owó ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà, ibi tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá lọ ra gàrí, ẹ ó bá a tí ó gbówó lórí lónìí, tí yóò sì dínwó lọ́la. Kò sí òfin tí ó ní kí gàrí má ṣe gbówó lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń tà á bá fi òlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọ inú, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó wọ̀n fún yín kò kún kóńgò mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọjà mọ́. Irọ́ ni. Ìyálọ́jà yóò dá sí i, gbogbo ọjà yóò sì dá sí i, nítorí pé bí a bá fi kóńgò kan tí a lù nídìí sílẹ̀, láìpẹ́ kò ní sí ẹni tí yóò gba kóńgò ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Òfin tí ó wà lórí ìpín ìdókòwò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣíà, àti lórí gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà gba owó lọ́wọ́ ará ìlú fún òwò, òfin kóńgò ni. Kò ṣe ìlérí pé a ó jèrè. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a mọ̀, kí ó sì sọ òtítọ́ ohun tí ó ń tà fún wa, kí ó má fi apá kan pamọ́.

Òfin yìí kò ṣàdédé wá. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Kansas ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1911, nítorí pé àwọn kan ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn opó, wọ́n ń ta ìwé ìdókòwò tí kò ní nǹkan kan nínú fún wọn. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn oníjìbìtì náà lè ta ojú ọ̀run fún ènìyàn bí ẹni ń ta ilẹ̀. Ní ọdún 1929, ọjà ṣíà ní New York wó lulẹ̀, ó sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú òṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe òfin ní 1933 àti ní 1934 fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ààrẹ Roosevelt sọ nígbà náà pé kì í ṣe ẹni tí ń rà nìkan ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ra, ẹni tí ń tà náà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra. Gbólóhùn yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Tẹ́lẹ̀ rí, gbogbo ẹrù wà lórí ẹni tí ń rà: bí a bá tàn án jẹ, òun ni kò la ojú. Òfin wá gbé apá kan ẹrù náà, ó gbé e lé orí ẹni tí ń tà.

Ní tiwa níhìn-ín, ọdún 1961 ni ọjà ṣíà ti Èkó ṣí ilẹ̀kùn, ní 1977 ó di ti gbogbo Nàìjíríà. Ní 1979 ni òfin tí ó dá àjọ tí a mọ̀ sí SEC sílẹ̀ jáde, òun ni ìjọba fi ṣe alábòójútó ọjà náà. Òfin ńlá kan tẹ̀lé e ní 1999, èyí tí ó tún dá ilé ẹjọ́ pàtàkì sílẹ̀ fún ẹjọ́ ìdókòwò. Wọ́n tún un ṣe ní 2007, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò ìyẹn náà ní 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí i. Òfin ti 2025 yìí ni ó sọ ọ́ kedere pé ìdókòwò tí a fi owó ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn san èrè ẹni tí ó ti wà nílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í kéré sí ₦20 mílíọ̀nù, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́wàá. Ó tún mú owó orí ẹ̀rọ ayélujára, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kírípító, wá sábẹ́ ojú àjọ náà.

Kí ni òfin wọ̀nyí ń béèrè? Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba owó ará ìlú fún ìdókòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ SEC. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ta ṣíà fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ ìwé àlàyé síta, kí ó sọ gbèsè tí ó jẹ, ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe, àti ewu tí ó lè bá a. Bí irọ́ bá wà nínú ìwé náà, tí ẹnìkan sì tìtorí rẹ̀ pàdánù, àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ lè san án fún un. Wọ́n ní ẹni tí ó mọ àṣírí inú ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi àṣírí náà rà tàbí kí ó fi tà ṣáájú kí ará ìlú tó gbọ́. Owó ààbò kan sì wà fún ẹni tí alágbàtà tí ó ní ìwé àṣẹ bá kó owó tàbí ṣíà rẹ̀ jẹ. Ẹ fi etí sí i o: alágbàtà tí ó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó kó owó fún àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ, owó ààbò yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí a má ba à fi ọ̀rọ̀ rú ara wa lójú, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn tiwa. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí báńkì àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù ó kéré tán, ṣíà báńkì di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri bí ẹní ń ta àkàrà. Iṣẹ́ tíṣà ni à ń ṣe nígbà náà. A yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́, a fi ra ṣíà báńkì kan. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù fún wa. Wọ́n fún wa ní ìwé àlàyé kan tí ó nípọn. A kò kà á. A fi tẹ́ inú àpótí aṣọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà wa ju 66,000 lọ. Nígbà tí ọdún 2009 fi ń parí, kò tó 22,000 mọ́. Ohun tí a rà di nǹkan tí a kò lè fi san gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọdún méjì ni a fi san gbèsè náà nínú owó oṣù wa. Ní ọjọ́ kan tí a ń tún àpótí náà tò, a rí ìwé náà, a jókòó, a kà á. Ohun tí ó bá wa wà nínú rẹ̀ gedegbe: wọ́n kọ ọ́ pé iye ṣíà lè wálẹ̀, pé ẹni tí ó rà á lè má rí gbogbo owó rẹ̀ gbà. Ní ti ìwé tiwa, kò sí ẹni tí ó purọ́ fún wa. Kóńgò náà pé. Gàrí ni ó wálẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá béèrè bóyá ó yẹ kí ìjọba dá owó wa padà, ìdáhùn wa ni pé kò yẹ. A gbọ́, a kò sì fetí sí i. Irú àdánù yìí, olúwa rẹ̀ ni yóò rù ú.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn arábìnrin wa yàtọ̀. Ìyẹn kì í ṣe gàrí tí ó wálẹ̀, kóńgò tí a lù nídìí ni. Ọgbọ́n jìbìtì náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1920, ọkùnrin kan tí a bí ní Ítálì, Charles Ponzi, wà ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe ìlérí pé owó tí a bá fún òun yóò fi ìdajì lé sí i láàrin ọjọ́ 45. Ó ní òwò ìwé ìfìwéránṣẹ́ láti ìlú kan sí ìkejì ni òun ń ṣe. Kò ṣe òwò náà tó bí ó ṣe wí. Owó àwọn tí ó ń wọlé ni ó fi ń san èrè fún àwọn tí ó ti wọlé. Kí oṣù kẹjọ ọdún náà tó parí, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n, wọ́n lé e padà sí Ítálì, inú ìṣẹ́ ni ó sì kú sí ní Rio de Janeiro ní 1949. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú jìbìtì náà títí di òní.

Àwa náà ti rí tiwa. Ní 2016, MMM ní òun yóò máa fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún owó loṣooṣù. SEC kìlọ̀, báńkì àpapọ̀ kìlọ̀, a kò gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó ku díẹ̀ kí a ṣe Kérésìmesì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí òfin tuntun náà kò tíì pé oṣù kan tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ti CBEX tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní owó yóò di ìlọ́po méjì láàrin oṣù kan. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò rí owó wọn yọ mọ́, inú bí àwọn kan, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì kan tí ó jẹ́ ti ètò náà ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, wọ́n kó ohun tí ọwọ́ wọn bà. SEC ní CBEX kò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òun rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ bí ẹni wà ní kíláàsì. Bí ₦10,000 bá ń di ìlọ́po méjì loṣooṣù, ní òpin oṣù kẹta yóò di ₦80,000. Ní òpin oṣù kẹfà, ₦640,000. Ní òpin oṣù kejìlá, ₦40,960,000. Kí ni wọ́n ń gbìn? Oko wo ní ayé ni ó ń so bẹ́ẹ̀? Èyí tí wọ́n ní yóò máa fi ìdá ọgbọ̀n kún un náà, bí ₦100,000 bá wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, yóò ju ₦2,300,000 lọ. Ẹni tí ó bá ní irú òwò bẹ́ẹ̀ kò nílò owó opó láti fi ṣe é.

Ẹ wá wo èsúsú tiwa. Láti ayé àwọn ìyá ìyá wa ni a ti ń dá a. Èsúsú kì í bímọ. Iye tí a dá ni a ó kó. A sì mọ ilé ẹni tí ń kó owó náà jọ, a mọ ọkọ rẹ̀, a mọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí òfin ìdókòwò ń ṣe ni láti dúró níbi tí ojúlùmọ̀ kò lè dé mọ́. Ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, a kò mọ ilé rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ní kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó gba owó wa. Ọgbọ́n àwọn oníjìbìtì sì ni pé wọ́n máa ń yí òfin sílẹ̀, wọ́n a padà gba ọ̀nà ojúlùmọ̀ wọlé. Wọn kò wá bá wa fúnra wọn. Arábìnrin wa ni wọ́n rán.

Ìbéèrè kìíní nìyẹn. Àwọn tí ó ń sọ pé ojúkòkòrò ni kò purọ́ pátápátá. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mọ́kànlá, kì í ṣe gbogbo wọn ni ojúkòkòrò mú lọ. Opó tí ó ń wò bí owó tí ó wà nílé ṣe ń dín kù ní iye lójoojúmọ́ nítorí ọ̀wọ́ngógó ọjà, tí ó ń wá ibi tí owó náà yóò sá sí, ẹ̀rù ni ó mú un, kì í ṣe ojúkòkòrò. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ojúkòkòrò ni, ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe àìṣọ́ra kò pa ẹ̀bi ẹni tí ó purọ́ rẹ́. Ìyá elépo ti dáhùn fún wa: ilẹ̀kùn tí a kò tì kò sọ olè di àlejò. Òfin tí ó bá dáàbò bo kìkì àwọn ọlọ́gbọ́n, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn ọlọ́gbọ́n lè dáàbò bo ara wọn.

Ìbéèrè kejì le jù. A lọ kí arábìnrin wa tí kò wá sí ìpàdé mọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì sunkún. Ó ní òun náà pàdánù. Òótọ́ ni. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún wọn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan tí mo bá mú wá, ₦10,000 ni wọ́n ń fún mi lórí rẹ̀."

Ẹ̀yin ìyá wa, níbẹ̀ gan-an ni a gbà pé ẹ̀bi wà. Kì í ṣe pé ó gba èèyàn níyànjú, torí pé òun náà gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé ó gba owó, torí pé alágbàtà a máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ̀bi nítorí pé ó fi ohun tí òun yóò jẹ níbẹ̀ pamọ́. Bí ó bá ti sọ ọ́ ni, ẹnìkan ìbá bi í pé, "Kí ló dé tí wọ́n ń fún ọ lówó lórí mi?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè gba àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀. Òfin béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó kéré sí i láàrin ara wa? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ti àwọn tí ó jèrè. Méjì nínú wa ni. Ọ̀kan sọ pé, "Èmi kò ja ẹnikẹ́ni lólè, wọ́n ṣe ìlérí fún mi, wọ́n sì san án." Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008 ni wọ́n mú Bernard Madoff ní New York, ẹni tí ó fi irú jìbìtì yìí kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn ènìyàn tirẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ àánú tí ó gbà á gbọ́. Ní 2009, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n àádọ́jọ ọdún fún un. Wọ́n yan agbẹjọ́rò kan láti wá owó náà padà. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Madoff nìkan ni ó lọ. Ó tún lọ bá àwọn tí ó ti gbà ju iye tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa jìbìtì náà. Ó ní kí wọ́n dá èrè náà padà, nítorí pé kì í ṣe èrè, owó àwọn tí kò rí tiwọn gbà ni. Lápapọ̀, owó tí ó ti gbà padà láti ọ̀nà gbogbo ju bílíọ̀nù 14 dọ́là lọ, ó sì ń pín in fún àwọn tí ó pàdánù.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ọkàn ènìyàn lè mọ́, kí owó ọwọ́ rẹ̀ má sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ra ẹrù olè láìmọ̀ kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n nígbà tí olówó ẹrù bá dé, yóò dá a padà. ₦30,000 tí arábìnrin wa jẹ lérè ní oṣù yẹn, inú owó opó ni ó ti wá.

A ti sọ ti àwọn ẹlòmíràn. Ó ku tiwa. Ṣáájú kí ọ̀rọ̀ náà tó bàjẹ́, opó náà wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó mú ìwé ìdókòwò náà dání. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." A wò ó. Ìṣirò tí a ṣe fún yín lókè yìí, a ṣe é lọ́kàn wa láàrin ìṣẹ́jú kan, a sì mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú un wá jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. A kò fẹ́ kí wọ́n ní à ń jowú, tàbí pé a jẹ́ arúgbó tí kò mọ ohun tí ayé ń ṣe. A wí fún un pé, "Ọmọ mi, lọ fi àdúrà sí i."

Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ó san owó náà.

Kò sí òfin kan, ìbáà ṣe ti 2007 tàbí ti 2025, tí ó lè mú wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. A kò gba kọ́bọ̀, a kò sì purọ́. A kàn dákẹ́ ni, a sì fi ọ̀rọ̀ rere bo ìdákẹ́jẹ́ náà mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òfin lè gbà wá lọ́wọ́ irọ́ àjèjì. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́ ọ̀rẹ́. Ìyẹn wà lọ́wọ́ wa. A ti lọ bẹ obìnrin náà, a sì ti sọ fún un pé a mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ bá sọ." A kò ní èsì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu kò sí nǹkan díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Bí ẹnìkan bá mú ìdókòwò wá, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun yóò rí níbẹ̀. Kí a béèrè bóyá SEC fún wọn ní ìwé àṣẹ, kí a sì fúnra wa wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ SEC. Ìwé tí ó fi hàn pé ilé iṣẹ́ ní orúkọ lọ́dọ̀ CAC kò tó, orúkọ lásán ni ìyẹn, kì í ṣe àṣẹ láti gba owó ará ìlú. Kí a béèrè òwò tí wọ́n ń ṣe gan-an tí èrè fi ń jáde. Kí a jókòó ṣe ìṣirò ọdún kan lórí ìwé. Bí wọ́n bá ní kí a yára kí àyè má baà tán, kí a má yára: a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé nǹkan náà kò dára, kí ó sọ ọ́ ní gbangba, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní òjòwú.

Arábìnrin wa tí ó mú wọn lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ₦10,000 orí ẹnìkọ̀ọ̀kan padà. Ó ti san ti ẹni méjì, àwọn mẹ́sàn-án ṣẹ́ kù. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jèrè ti gbé ₦30,000 rẹ̀ fún opó náà láìjẹ́ kí a pariwo rẹ̀. Èkejì ní òun kò ní dá a padà, a kò sì bá a jà. A kọ ìwé yìí kí òun náà lè kà á.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àga kan tí ó ti ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́ ní ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni ó jókòó sí. Nígbà tí a fi ń to àga jọ, ìyá elépo lọ bá a, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n sì jọ ń tò ó.

Ó dìgbà kan ná o. Ire ni a ó máa bá ara wa ṣe.